Ṣíkínpọ́ọ̀sì àti Ọmọ Tí Ń Lo Prednisolone

Ṣíkínpọ́ọ̀sì kì í ṣe ṣọ̀pọ̀nná. Ṣọ̀pọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, a sì kéde èyí ní ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ṣíkínpọ́ọ̀sì ṣì ń bẹ, ó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí fi ń fojú kékeré wò ó. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, ìléròrò rẹ̀ a máa gbẹ láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ń lo oògùn tí à ń pè ní steroid, bí prednisolone àti dexamethasone.

Oògùn wọ̀nyí kì í ṣe oògùn búburú. Wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ikú, àwọn tí èémí ń ṣòro fún, àti àwọn tí àrùn kíndìnrín mú kí ojú àti ẹsẹ̀ wọn wú. Iṣẹ́ wọn ni láti mú ìjà tí ara ń bá ara rẹ̀ jà rọlẹ̀; ṣùgbọ́n wọ́n a máa di ọwọ́ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà náà ni ṣíkínpọ́ọ̀sì a wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, ó sì lè pa ọmọ. Nígbà mìíràn inú rírun kíkan ni ó ń kọ́kọ́ dé, kí ìléròrò kan tó yọ. Ewu náà pọ̀ jù fún ọmọ tí ó wúwo ju kílò 10 lọ, tí ó ń gbé mílígíráàmù 20 prednisolone mì lójúmọ́ fún ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í tán ní ọjọ́ tí oògùn bá tán. Èyí tí a ń fi ẹnu fà sí àyà kò léwu tó bẹ́ẹ̀.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí kò ṣe àrùn náà rí, bá jókòó ti ẹni tí ó ní i ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí a má ṣe dúró de ìléròrò. Ọjọ́ 10 sí 21 ni àrùn náà fi ń fara pamọ́; láàrin ọjọ́ 10 àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ ààbò lè ràn án lọ́wọ́. Bí ara rẹ̀ bá sì ti sú, aciclovir ni dókítà yóò fún un, kí ó sì jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí òbí má ṣe fi ìbẹ̀rù dá prednisolone dúró fúnra rẹ̀, nítorí ara ọmọ ti gbẹ́kẹ̀ lé e, ìdádúró òjijì sì lè pa á. Kí a má sì fún un ní aspirin. Àwọn kan tilẹ̀ ń ra dexamethasone lọ́wọ́ àwọn alágbàtà oògùn kí ọmọ lè sanra: ìwà òmùgọ̀ ni. Kí ìyá mú ìgò oògùn náà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.