Kòkòrò Àjèjì Inú Oko: Ẹ Jẹ́ Kí A Dá A Mọ̀ Kí A Tó Bá A Jà

Odò Ọya tí ń gba Jẹ́bà kọjá ni ìlú Niamey tẹ̀dó sí létí. Bí omi ti so Niger àti Nàìjíríà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àjàkálẹ̀ kòkòrò so wọ́n pọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò ajàgbàdo kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Spodoptera frugiperda, ti wọ Nàìjíríà, Benin àti Togo. Kò pẹ́ tí ó fi dé oko àwọn ará Niger.

Ó jọ àwọn kòkòrò tí àgbẹ̀ wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Báwo ni a ó ṣe yà á sọ́tọ̀? Ẹ wo iwájú orí rẹ̀: ilà kan wà níbẹ̀ bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí ìdí: àmì dúdú mẹ́rin tò síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ tábìlì. Àfòpiná tí ń bí i, òru ni í fò, ẹyin rẹ̀ sì lè lé ní 1,000.

Àṣìmọ̀ a máa náni lówó. Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò funfun kan tí ń fa omi ẹ̀gẹ́ mu wọ ilẹ̀ Kóńgò. Àwọn onímọ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà; èyí tí wọ́n bá níbẹ̀ jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun, àwọn agbọ́n tí wọ́n kó bọ̀ kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ọdún 1981 ni wọ́n tó rí i gan-an ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n tíńtín tí ń pa á. Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ tú agbọ́n náà sílẹ̀ lọ́dún náà. Hans Herren, tí ó ṣáájú iṣẹ́ yìí, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Nígbà tí ó di ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé agbọ́n Telenomus remus, tí ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ẹyin kòkòrò ajàgbàdo, ti wà ní Áfíríkà ná; Niger wà lára ilẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti rí i. Ohun tí à bá lọ tọrọ lókèèrè wà lẹ́yìnkùlé wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí oko ilé-ìwé. Ẹ kọ́ wọn láti wò kí wọ́n tó sọ, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ọdún 1960 ni Niger àti Nàìjíríà gba òmìnira. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń jẹ nínú rẹ̀.