Bí Wọ́n Bá Mú Awakọ̀ Lórí Ẹ̀sùn Ọtí: Àwọn Ọ̀nà Tí Òfin Là Sílẹ̀

Ojú ọ̀nà tó gba Natako kọjá ní Lọ́kọ́já kì í sinmi. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ àjàgbé, ọkọ̀ èrò àti ọ̀kadà ń kọjá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ gba ẹ̀mí ènìyàn tó ju 20 lọ ní Felele, nínú ìlú Lọ́kọ́já kan náà. Kì í ṣe ọtí ni wọ́n ní ó fa tọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó fi han gbogbo ará ìlú ohun tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe nígbà tí kò bá sí ohun tó lè dá a dúró. Awakọ̀ tó ti mutí yó kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Ìdí nìyí tí òfin fi ka fífi ọtí wakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn kò tíì di ọ̀daràn. Ó ní ẹ̀tọ́, ó sì ní ọ̀nà tó lè gbà. Àìmọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ló ń sún ọ̀pọ̀ awakọ̀ sínú ẹ̀ṣẹ̀ kejì tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí òfin kà léèwọ̀

Òfin tó gbé Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC) ró lọ́dún 2007 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní agbára láti mú awakọ̀ tó bá rú òfin ìrìnnà, kí wọ́n sì pè é lẹ́jọ́. Ìwọ̀n ọtí tí ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ní Nàìjíríà ni mílígíráàmù 50 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe bíà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ògógóró wà níbẹ̀, bùrùkùtù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni páragà tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ ń pè é ní àgbo. Oògùn olóró pẹ̀lú wà lábẹ́ òfin kan náà.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n mú

Abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n fi ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn tó o létí nínú ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ẹni náà lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti í mọ́lé, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, níbikíbi tí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ọ̀ràn náà kò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ. Níwọ̀n bí ilé ẹjọ́ ti wà nínú Lọ́kọ́já, ọjọ́ kan náà ni fún ẹni tí wọ́n mú ní Natako.

Owó kì í sì í gba bélì ní àgọ́ ọlọ́pàá: ọ̀fẹ́ ni. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn ti ọdún 2015 tún fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ mú ìyàwó, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ dípò ẹni tó ṣẹ̀, àti pé wọn kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni.

Ọ̀nà mẹ́ta tó tọ́

Ọ̀nà kìíní ni kí awakọ̀ gba ẹ̀bi rẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ tí FRSC ń lò, ₦5,000 ni owó ìtanràn fífi ọtí wakọ̀, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 5 lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Báǹkì ni wọ́n ń san owó náà sí, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́ kankan. Kí ẹni tó san án sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn àmì yìí ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá pé 10, ìkìlọ̀ ni; bí wọ́n bá pé 15, wọ́n á gba ìwé àṣẹ náà fún ìgbà díẹ̀; bí wọ́n bá pé 21, wọ́n á fagi lé e.

Ọ̀nà kejì ni kí awakọ̀ tó gbà pé òun kò jẹ̀bi lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Abala 36 sọ pé aláìjẹ̀bi ni títí ilé ẹjọ́ yóò fi rí i pé ó jẹ̀bi. Ó lè béèrè bí wọ́n ṣe yẹ èémí rẹ̀ wò àti ohun tí ẹ̀rọ náà kọ. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ Ebira, Ígálà, Núpé, Haúsá tàbí Yorùbá ló ń sọ, ògbufọ̀ yóò wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá lówó agbẹjọ́rò, kó béèrè lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Ẹjọ́ ti ìjọba àpapọ̀ bóyá ọ̀ràn rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n lè bá a dá sí. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọ̀nà kẹta ni kó gba ẹ̀bi níwájú adájọ́, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Kó sọ bóyá ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, àti ohun tó ti ṣe láti jáwọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá farapa tàbí kú, ọ̀ràn náà ti kọjá ìtanràn ₦5,000. Ẹ̀wọ̀n lè wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹbí ké sí.

Ohun tí kì í ṣe ọ̀nà

Rìbá kò sí nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Nínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ₦10,000 àti àmì 10 ni ìjìyà ẹni tó bá gbìyànjú láti fún òṣìṣẹ́ FRSC ní rìbá. Ìlọ́po méjì ìjìyà ọtí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá sì lu òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò jẹ irú ìyà kan náà. Awakọ̀ tó wá ọ̀nà àbùjá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ kan di méjì.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni kí ẹni tó bá ti mutí fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ẹni tí kò mu lọ́wọ́, tàbí kó sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Owó ilé ìtura òru kan tàbí owó tasín kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ tó ń dá títì kọjá ní Natako.