Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Wo Inú Ìfun: Bí A Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ àti Ohun Tí A Ó Bá Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó àjẹṣẹ́kù àti owó yíyá la sábà máa ń bá yín sọ lójú ewé yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá le ló lè dá owó oṣù. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tijú láti sọ: ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde, àti àyẹ̀wò tí àwọn dókítà fi ń wo inú ìfun ńlá. Kolonósíkópì ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà.

Bí ẹnì kan bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, adùn ti pọ̀ jù lẹ́nu mi." Yóò ra àgbo lọ́wọ́ alágbo, yóò mu ún, yóò sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Lóòótọ́, jẹ̀dí-jẹ̀dí a máa mú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun náà a máa mú ẹ̀jẹ̀ jáde, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń gbẹ láìnídìí, tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, kí ó lọ rí dókítà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń gba ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 45 níyànjú pé kí ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, bí ohunkóhun kò tiẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ orí kankan.

Kí ni àyẹ̀wò yìí?

Ìfun ńlá wa gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọ̀pá rírọ̀ kan ni dókítà máa ń gba ihò ìdí kì bọ inú rẹ̀. Ọ̀pá náà kò ju ìka ọwọ́ lọ ní sísanra. Iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, dókítà a sì máa wo inú ìfun nínú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó ń wá jù ni àwọn kókó ẹran kéékèèké tó máa ń hù lára ìfun. Ọ̀pọ̀ wọn kì í di nǹkan kan, ṣùgbọ́n inú irú wọn ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gbà tó ọdún 10 kó tó di jẹjẹrẹ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ọdún 1969, nígbà tí dókítà Wolff àti dókítà Shinya ṣe é ní New York, ni a ti mọ̀ pé a lè gba inú ọ̀pá yìí gé kókó bẹ́ẹ̀ kúrò láìla ikùn ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tiwa ló ṣòro jù

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ́dítọ̀ kò lè yẹ ìwé owó tí epo ti bàjẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà kò lè rí nǹkan nínú ìfun tí ìgbẹ́ ṣì wà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ sọ fún wa pé nígbà àkọ́kọ́ tí òun lọ, ìdajì oògùn lòun mu, òun sì fi ẹ̀bà díẹ̀ panu lálẹ́ nítorí ebi. Wọ́n dá a padà sílé, owó ọkọ̀ àti owó oògùn sì ṣòfò. Nígbà tó padà lọ, tó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, wọ́n rí kókó 2, wọ́n sì gé wọn. Ó ní, "Ká ní mo jókòó sílé pẹ̀lú ìbínú ni ńkọ́?"

Ohun tí ọsibítù yín bá kọ sínú ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bó ṣe sábà máa ń rí nìyí:

1. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà ṣáájú, àti àgbo pẹ̀lú. Pàtàkì jù ni oògùn àtọ̀gbẹ àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, wọ́n sábà máa ń dá a dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

2. Ní bí ọjọ́ 2 tàbí 3 ṣáájú, ẹ fi ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́, ilá àti ohun tó ní kóró sílẹ̀. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin, ẹja àti adìẹ ló dára.

3. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, kò sí oúnjẹ. Omi, tíì tí kò ní mílíìkì, mínírà funfun àti omi ẹran tí a sẹ́, tí kò lọ́ràá, ni ẹ ó máa mu. Ẹ má mu zobo tàbí ohun pupa mìíràn, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà jọ ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun.

4. Oògùn tí ń fọ ìfun, omi la fi ń pò ó. Ó sábà máa ń tó lítà 2 sí 4. Wọ́n lè ní kí ẹ mu ìdajì lálẹ́, kí ẹ mu ìyókù ní àárọ̀ kùtùkùtù. Kò dùn. Bí ó bá tutù, ó máa ń rọrùn mu díẹ̀. Ẹ mu ún tán. Ìgbẹ́ gbuuru yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì ní í dúró títí tí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́ bí ìtọ̀. Ìgbà náà ni ẹ tó ṣe tán. Bí ó bá ṣì dà bí omi ẹrẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe mú ọjọ́ ọjà. Ẹ pọn omi sílẹ̀, kí ẹ sì ra vaselínì fún ìdí tó bá ń ta yín. Ẹni tó bá ń gbé nínú ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, kí ó ti bá àwọn ará ilé sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà

Wọn yóò fún yín ní aṣọ wọ̀, ẹ ó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú oorun wá, débi pé ọ̀pọ̀ kì í rántí ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìfun kí ó lè là. Inú lè wú, ó sì lè rún díẹ̀. Iṣẹ́ náà sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Bí wọ́n bá gé kókó, ẹ kò ní í mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ mú èèyàn dání tí yóò sìn yín padà sílé. Láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ má wa mọ́tò, ẹ má gun alùpùpù, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé onídùúró wá pé kí ẹ ṣe onídùúró fún òun, ẹ ní kí ó padà wá lọ́túnla!

Ewu kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà: ìfun lè lu, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà. Bí inú bá ń run yín gidigidi, tí ibà mú yín, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń jáde, ẹ tètè padà sí ọsibítù, ẹ má dúró di ọ̀la.

Àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe é. Ẹ bèèrè iye owó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì bèèrè bóyá owó oògùn àti ti àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n bá gé wà nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ wá rí àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kí ẹ tó sọ pé kò ṣe é ṣe. Owó yíyá láti fi ra ọjà dára, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni yóò ta ọjà náà.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìlera o. Àṣẹ.