Kí ẹ tó gbé owó lé ẹnikẹ́ni, ẹ wo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá a!

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré tẹ́níìsì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ni wọ́n máa ń gbé owó lé. Lójú irú wọn, Andre Agassi ló yẹ kó borí ní àṣekágbá Wimbledon ọdún 1999, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ṣáájú rẹ̀ ló gba ife French Open ní Paris. Àmọ́ Pete Sampras nà án 6-3, 6-4, 7-5.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, koríko ló fà á. Bọ́ọ̀lù kì í ta sókè púpọ̀ lórí koríko, ńṣe ló máa ń yọ̀ lọ fìà. Sampras a máa gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bí ìbọn, yóò sì sáré tẹ̀lé e dé ìdí àwọ̀n. Ẹ̀yìn pátápátá ni Agassi ń dúró sí ní tirẹ̀, tí yóò máa dá bọ́ọ̀lù líle padà. Òótọ́ ni pé òun náà gba Wimbledon lọ́dún 1992, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì tó pàdé Sampras níbẹ̀, 1993 àti 1999, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fìdí rẹmi. Ní Paris ńkọ́, níbi tí ilẹ̀ amọ̀ pupa ti ń fa bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀? Sampras kò dé àṣekágbá ibẹ̀ rí títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ní US Open ọdún 2001, orí ilẹ̀ líle ni wọ́n ti kojú ara wọn. Sampras borí 6-7, 7-6, 7-6, 7-6. Nínú géèmù 48, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ẹni tí ìgbá àkọ́kọ́ kàn pàdánù! Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ta tẹ́tẹ́ pé géèmù yóò pọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ẹni tó ní Sampras yóò fi sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko parí rẹ̀, sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ló ti gbé owó rẹ̀ mì.