Abẹ́rẹ́ Olóko

Àgbẹ̀ tí ó bá gba etí ọ̀nà oko kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà jẹ́ olóko iṣu tàbí olóko àgbàdo, yóò jókòó ní ìrọ̀lẹ́, yóò máa yọ èso dúdú wẹ́wẹ́ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, yóò sì máa ṣépè. Abẹ́rẹ́ olóko, ẹlẹ́ṣin-máso, malánganran, a-bá-ni-relé-láìpè, arìnrìn-àjò tí kò lẹ́sẹ̀! Èpè ni a fi ń kí i, bẹ́ẹ̀ ni ó tó jẹ, ó sì tó fi ṣe egbòogi.

Igun mẹ́rin ni igi rẹ̀ ní. Ewé rẹ̀ a máa pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún, etí wọn a sì rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Òdòdó rẹ̀ a ní àwọ̀ ìyeyè láàárín, funfun a sì yí i ká. Nígbà tí òdòdó bá rọ tán, èso dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ a gba ipò rẹ̀, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì ní ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta tí ó ní ìkọ́, èyí tí ó fi ń di aṣọ ènìyàn àti irun ẹran mú. Igi kan ṣoṣo lè so èso 3,000 sí 6,000.

Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà àti gúúsù rẹ̀ ni orírun rẹ̀, ìkọ́ náà ni ó sì bá a rìn dé Áfíríkà, Éṣíà àti àwọn erékùṣù òkun. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ Swídìn, kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1753 pé Bidens pilosa ni. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: àwọn Súlú ń pè é ní uqadolo, àwọn Ṣónà ń pè é ní tsine, ọmọ onílé ni wọ́n sì kà á sí.

Lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀fọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí irè oko kò tíì tó kó, àwọn obìnrin a já ewé rẹ̀ tí kò tíì gbó, wọn a bọ̀ ọ́, wọn a da omi àkọ́kọ́ nù nítorí kíkorò rẹ̀, wọn a sì fi ẹ̀pà lílọ̀ sè é. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, wọn a sá a sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ti egbòogi, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà ni wọ́n ti ń gún ewé náà lẹ ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ní Brasil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní picão-preto, àwọn ìyá a máa fi omi rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun tí ibà pọ́njúpọ́njú ń ṣe. Ìjọba ibẹ̀ sì kà á mọ́ àwọn ewéko oògùn 71 tí ó yẹ fún ìwádìí ní ọdún 2009. Síbẹ̀, ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ má sì já abẹ́rẹ́ olóko létí títì tàbí lórí ààtàn, nítorí a máa fa kádímíọ̀mù, irin olóró, láti inú ilẹ̀ sínú ewé rẹ̀.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: àgbẹ̀ tí kò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ olóko gba oko rẹ̀, kó máa já a kí ó tó yọ òdòdó, ìgbà yẹn gan-an ni ewé rẹ̀ sì dùn jẹ jù. Ọwọ́ kan náà tí ó ń ro oko ni ó ń kó ẹ̀fọ́ wálé.