Ta Ló Ní Dandan Ni Kí ‘a’ Jẹ́ ‘a’?

Bí a bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, alájọ Ṣómólú la máa ń fi í wé. Ọmọ ilẹ̀ wa níhìn-ín ni baba náà, Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ́, ọmọ Ìsonyìn ní Ìjẹ̀bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣómólú l'Ékòó ló gba orúkọ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun méjì ni wọ́n máa ń rò nípa rẹ̀. Èkíní, ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta gbáko láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ìsanwó sì pé, kò gbé owó Làmídì fún Làkásègbè. Èkejì, ó ta mọ́tò, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Àwọn tí kò ro ọ̀rọ̀ dénú a máa fi èkejì yìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ọjà àti ẹ̀yìnkùlé làwọn oníbàárà rẹ̀ wà, mọ́tò ò sì lè gbabẹ̀.

Èmi ò ní irú orí tó wà nínú ìtàn àkọ́kọ́ yẹn. Ohun tí n kò bá ti kọ sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ìtàn ti mọ́tò ni mo fara wé. Iṣẹ́ títẹ̀wé àti títo ojú ìwé ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, ìwé pẹlẹbẹ àwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wa, nígbà ọdún Ojúde Ọba. Mo ti fi ètò ńlá tó kún fún àwòrán àti bọ́tìnnì kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi rí. Lọ́jọ́ kan, mo ra kọ̀ǹpútà tuntun, fáìlì àtijọ́ kọ̀, kò ṣí mọ́. Látìgbà náà ni mo ti gun kẹ̀kẹ́ tèmi. Emacs lorúkọ rẹ̀, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni Emacs máa ń kọ. Kò sí nǹkan kan nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ju lẹ́tà, àlàfo àti òpin ìlà lọ. Kò sí àwọ̀, kò sí ìwọ̀n lẹ́tà, kò sí ẹ̀rọ kan pàtó tó gbọ́dọ̀ wà kó tó ṣe é kà. Fóònù kékeré lè ṣí i. Ẹ̀rọ tí wọn ò tíì ṣe lónìí náà á ṣí i.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà a lórí kíbọọ̀dù, ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò ni pé a tẹ̀ ẹ́, ó sì jáde. Nínú Emacs, kò rí bẹ́ẹ̀. Rẹ́jísítà kan wà níbẹ̀, bí èyí tí olùkọ́ ń pè láàárọ̀: gbogbo bọ́tìnnì ló ní orúkọ nínú rẹ̀, iṣẹ́ kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ a, Emacs á ṣí rẹ́jísítà, á wo ohun tí wọ́n kọ síwájú a, á sì rí iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ self-insert-command. Iṣẹ́ yẹn ni pé kí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ fi ara rẹ̀ sójú ìwé. Ìdí nìyẹn tí ‘a’ fi jẹ́ ‘a’. Bí ẹ bá lọ yí ohun tó wà níwájú rẹ̀ padà nínú rẹ́jísítà, tí ẹ ní kó máa tọ́jú fáìlì pamọ́, fáìlì ló máa tọ́jú. Ẹnikẹ́ni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ h, kó tẹ k, kó wá tẹ bọ́tìnnì tó bá wù ú. Emacs á ka iṣẹ́ bọ́tìnnì náà fún un, bí olùkọ́ ṣe ń ka orúkọ.

Ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Emacs ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà. Ètò kan tó ń jẹ́ TECO ni wọ́n ń lò níbẹ̀, oníkálukú sì ti kọ àwọn àṣẹ kéékèèké tirẹ̀ lé e lórí, débi pé bọ́tìnnì ẹni kan kò jọ ti ẹnìkejì. Richard Stallman àti Guy Steele kó àwọn àṣẹ náà jọ sójú kan. Ní 1985, Stallman gbé èyí tí à ń lò títí dòní, GNU Emacs, jáde fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè C ni wọ́n fi kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo yòókù, tó pọ̀ ju ìpìlẹ̀ lọ fíìfíì, èdè Emacs Lisp ni. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ nìyí: èdè tí àwọn tó kọ́lé fi kọ́lé náà ni ayálégbé lè fi lu ògiri. Ẹ ò ní dúró de ilé-iṣẹ́ kankan kó fún yín láyè. Wọ́n tilẹ̀ ya apá kan rẹ́jísítà sọ́tọ̀ fún ayálégbé: Ctrl-c tí lẹ́tà kan bá tẹ̀ lé e, ti yín ni. Òǹkọ̀wé ètò tó bá mọ àṣà kì í fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ lò ó ni àmì ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kíbọọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Mo kọ ìlà mélòó kan sínú fáìlì ìṣètò mi, init.el:

(require 'quail)
(quail-define-package "yoruba-temi" "Yorùbá" "YO" t)
(quail-define-rules
 ("e;" ?ẹ) ("o;" ?ọ) ("s;" ?ṣ)
 ("o;'" ["ọ́"]))

Bí mo bá ti yan yoruba-temi, tí mo tẹ o, tí mo fi àmì ; tẹ̀ lé e, ọ ló máa jáde. Bí mo bá tún fi àmì ' kún un, ó di ọ́. Ctrl pẹ̀lú \ ni mo fi ń tan yoruba-temi, òun náà ni mo sì fi ń pa á bí mo bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo fi ọ́ sínú àkámọ́ onígun, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú Unicode, ìwé orúkọ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ẹ̀dá méjì ló so pọ̀: ọ, àti àmì òkè tó ń jẹ́ U+0301 tó gorí rẹ̀. Ẹlòmíràn lè kọ o, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó tó fi ti òkè sí i, ìyẹn sì di mẹ́ta. Lójú wa, bákan náà ni wọ́n rí. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Odidi wákàtí kan ni mo fi wá “Ọ̀tunba” kan nínú orúkọ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí mi, tí mo sì ń rí i lójú mi kedere, tí ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí. Iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ucs-normalize-NFC-region ló bá mi parí rẹ̀: ó sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé yẹn di ọ̀nà kan ṣoṣo. Nísinsìnyí, kò sí orúkọ tó ń wọlé lọ́dọ̀ mi láìgba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ti àkọsílẹ̀ àti àkókò wá ńkọ́? Org ló ń ṣe ìyẹn nínú Emacs. Carsten Dominik ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni ní Yunifásítì Amsterdam, ìràwọ̀ náà ló sì wà níwájú gbogbo àkọlé. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìràwọ̀ kan ni àkọlé ńlá, méjì ni ọmọ rẹ̀, mẹ́ta ni ọmọ-ọmọ. Bí ẹ bá tẹ Tab lórí àkọlé, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ká jọ bí ẹní. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, á tẹ́. Bí èrò kan bá sì dé sí mi lọ́kàn láàárín iṣẹ́ mìíràn, Ctrl-c c, tí mo so mọ́ iṣẹ́ tó ń jẹ́ org-capture, ni mo máa ń tẹ̀: ojú ewé kékeré kan á yọ, mo kọ ọ́, mo pa á dé, mo padà síbi tí mo wà. Èyí nìkan tó fún ẹni tó ń gbàgbé bíi tèmi.

Aago rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Ẹ wo èyí:

* Ìwé Ojúde Ọba
** Títẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́
:LOGBOOK:
CLOCK: [2025-06-02 Mon 09:10]--[2025-06-02 Mon 10:25] =>  1:15
:END:

Lórí àkọlé iṣẹ́, mo tẹ Ctrl-c, Ctrl-x, Ctrl-i: Org kọ àkókò tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fi Ctrl-o rọ́pò Ctrl-i, ó sì kọ àkókò tí mo parí, ó yọ ọ̀kan nínú èkejì, ó kọ ohun tó kù. Kò sí nǹkan tó ń ka ìṣẹ́jú lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Bí mo bá gbàgbé láti pa aago náà, tí mo lọ jẹun, mo lè fọwọ́ ara mi yí 10:25 padà sí 10:05, kí n tẹ Ctrl-c lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà náà, á sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Òjò-pa-gọ̀gọ̀ ni ẹ̀rọ tí kò bá gbà kí onílé tún àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ ṣe.

Wọ́n á ní bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ìbéèrè tó yẹ ni, torí bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti darúgbó. Ọ̀nà méjì ló gbà wá sílẹ̀. Bí a bá tẹ lẹ́tà bí 300, tàbí tí a bá ká ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, Emacs á tọ́jú ẹ̀dà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà, tí àmì # máa wà lórí àti ìdí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, iṣẹ́ tó ń jẹ́ recover-this-file á mú un padà. Ní ti aago, ìlà CLOCK tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìparí ló máa kù nínú fáìlì. Nígbà tí mo bá tún fẹ́ tan aago mìíràn, Org á rí i, á sì bi mí léèrè: ṣé kí n ka gbogbo àkókò yẹn kún iṣẹ́, àbí kí n yọ díẹ̀, àbí kí n pa á rẹ́? Aago tó mọ̀ pé NEPA wà láyé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amsterdam ni wọ́n ti bí Org.

Ojúde Ọba ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Ṣáájú rẹ̀, ẹnì kan tí mo bá ṣiṣẹ́ sọ pé iṣẹ́ tí mo ṣe kò lè gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. N kò bá a jiyàn. Mo pe org-clock-report, ó to gbogbo aago náà sínú tábìlì, ọjọ́ sí ọjọ́, iṣẹ́ sí iṣẹ́. Wákàtí mọ́kànlá ó lé ni. Ó wò ó títí, ó ní kí n tún un tẹ̀ fún òun kí òun lọ fi han àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ó san owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ díẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wá.

Ó ku èyí tó ṣòroó ṣàlàyé jù, òun ló sì gbà mí lọ́jọ́ jù kó tó yé mi. Ní 1984, Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, kọ̀wé pé ọ̀nà tí à ń gbà kọ ètò kọ̀ǹpútà dorí kodò. À ń kọ ọ́ fún ẹ̀rọ, a sì ń sọ àlàyé díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ènìyàn. Ó ní ká yí i padà: ká kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ènìyàn, ká sì jẹ́ kí ẹ̀rọ wá fa tirẹ̀ yọ láàárín. Kì í ṣe ẹnu lásán: bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ TeX, ètò tí wọ́n fi ń to ìwé ìṣirò káàkiri ayé, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde bí ìwé kíkà.

Eric Schulte àti Dan Davison ló gbé èrò náà wọ inú Org. Mo ń bá ẹgbẹ́ alájọ kékeré kan àdúgbò wa ṣírò, àkọsílẹ̀ mi sì kà báyìí: oníkálukú ń dá iye kan náà lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ, torí òun ló ń rìn, ohun tó kù ni ti ẹni tó dá a. Lábẹ́ àlàyé yẹn gan-an ni èyí wà:

#+begin_src python :results output
ojoojúmọ́ = 500
ọjọ́ = 31
ti_alájọ = ojoojúmọ́
print(ojoojúmọ́ * ọjọ́ - ti_alájọ)
#+end_src

Mo tẹ Ctrl-c lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Org bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kó ṣe é, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó gbé ìlà mẹ́rin náà fún Python, ó sì kọ 15000 sísàlẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé kan náà. (Emacs Lisp nìkan ni Org ń gbà láìsọ fún un. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ Python sínú org-babel-load-languages kó tó ṣiṣẹ́, Python fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín.) Ẹ rí i pé orúkọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ ni mo fi pe owó náà: Python gbà á láti ìgbà tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ ti jáde ní 2008. Bí mo bá fẹ́ kóòdù náà nìkan, láìsí àlàyé, màá fi :tangle yes kún ìlà begin_src, Ctrl-c, Ctrl-v, t á sì fà á yọ sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kà. Kò gbọ́ Python rárá, síbẹ̀ òun ló rí i pé mo ti ka oṣù kejì sí ọjọ́ 31.

N kò ní tan yín. Emacs kò rọrùn lọ́wọ́ ẹni tuntun, lórí fóònù kò dára, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì le bí orúkọ oyè. Àìsàn kan sì wà tó máa ń mú àwa tó ń lò ó: àtúnṣe tí kì í tán. Mo ní àkọlé kan fún ìyẹn náà nínú fáìlì mi, mo sì ń tan aago sí i bíi ti iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí mo tẹ tábìlì oṣù kẹfà jáde, Ojúde Ọba ló wà ní ipò kejì.