Ìhà tí Àwọn Òǹkàwé Kọ sí Ìwé Ìtàn Tòótọ́ nípa Àwọn Apànìyàn Léraléra

Ìfáàrà

Oríṣìí ìwé kan wà tí ó gbilẹ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń kà á pọ̀, àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú náà kò sì kéré. Ìwé ìtàn ọ̀daràn tòótọ́ ni. Ẹni tí ó kú nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kú ní ti gidi; ó ní ìyá, ó ní bàbá, ibojì rẹ̀ sì wà níbi tí ènìyàn lè fojú rí. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ dunjú. Ẹni tí ó bá ń ka Àjà Ló Lẹrù (1969) tàbí Àgbàlagbà Akàn (1971) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lè gbádùn gbogbo ewu tí Lápàdé ń kó sí, láìbẹ̀rù pé òun ń fi ikú ọmọ ẹnikẹ́ni ṣe fàájì. Òǹkàwé ìtàn tòótọ́ kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, èyí tí ó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni èyí tí ó dá lórí apànìyàn léraléra, ìyẹn ẹni tí ó pa ènìyàn kan, tí ó sinmi, tí ó tún pa òmíràn, tí ó sì lè máa bá a lọ fún ọdún púpọ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìhà tí àwọn òǹkàwé kọ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí òǹkọ̀wé bá ṣàpèjúwe ìpànìyàn náà láì fi epo bọyọ̀. Ohun tí ìtàn àwọn ìwé náà fi hàn ni pé òǹkàwé lè fara da ẹ̀jẹ̀ ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ìbéèrè tí ó sábà máa ń wà lábẹ́ ìbínú rẹ̀ ni pé: ta ni wọ́n ń tú sí ìhòòhò ní gbangba, ta ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀?

Àwọn lámèyítọ́ a máa tọ́ka sí In Cold Blood tí Truman Capote gbé jáde ní 1966 gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó sọ irú ìtàn yìí di ojúlówó lítíréṣọ̀. Ìdílé kan tí wọ́n pa ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo ní Kansas ní 1959 ni ó dá lé lórí, nítorí náà kò wọ inú àkòrí yìí tààrà. Síbẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé ẹ̀sùn ńlá tí wọ́n fi kan Capote ni pé ó fi irọ́ kún òótọ́; ìran ìkẹyìn tí ó fi sí itẹ́ òkú kò ṣẹlẹ̀ rí. Òǹkàwé tí a bá ṣèlérí òótọ́ fún kì í fojú kékeré wo àdàlù.

Apànìyàn tí ó ní ojú

Ìwé tí ó fi ìṣòro yìí hàn kedere ni The Stranger Beside Me, tí Ann Rule gbé jáde ní 1980. Rule ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí ní ìlú Seattle. Ní 1971, ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ibi kan tí àwọn tí ayé ti sú ti máa ń tẹ̀ wọ́n láago kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Ted Bundy ni wọ́n jọ máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tẹlifóònù náà lóru. Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó lójú àánú, a sì máa sin Rule dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe é ní jàǹbá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù ní agbègbè náà. Rule gba iṣẹ́ láti kọ ìwé nípa ẹni yòówù tí ó ń gbé wọn lọ, kò sì mọ̀ pé ojúlùmọ̀ òun ni. Bundy ti jẹ́wọ́ ìpànìyàn tí ó tó 30 kí ìjọba ìpínlẹ̀ Florida tó pa á ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kìn-ín-ní, 1989.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàlàyé gbogbo ohun tí ó mú kí ìwé náà dẹ́rù ba òǹkàwé. Àwọn ìran ìpànìyàn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì le. Ṣùgbọ́n ohun tí ń lé oorun lọ ni pé obìnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí ó sì lóye ìwà ọ̀daràn, jókòó ti apànìyàn fún oṣù púpọ̀, kò sì fura.

Lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé kọ sí Rule pọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú àfikún tí ó ń ṣe sí ìwé náà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn obìnrin kan kọ̀wé pé ó dá àwọn lójú pé àwọn ti pàdé Bundy rí, pé díẹ̀ ló kù kí àwọn wọ ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé gbogbo wọn ni ó pàdé ní òótọ́, ọkùnrin náà ì bá má ráàyè sùn. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa á. Kì í ṣe wèrè ni wọ́n. Rule jẹ́rìí sí i pé ọlọ́gbọ́n àti onínúure ènìyàn ni wọ́n. Ó ní láti ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ kò fìgbà kan wà.

Ìṣesí yìí kò ṣòroó yé bí a bá wo bí wọ́n ṣe máa ń to irú ìwé bẹ́ẹ̀. Apànìyàn ni ó máa ń ní ìgbà èwe nínú rẹ̀, òun ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ń rẹ́rìn-ín, òun ni ó ń kọ lẹ́tà láti inú ẹ̀wọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí òǹkàwé mọ̀ nípa ẹni tí ó kú kò ju àwọ̀ irun rẹ̀ lọ, aṣọ tí ó wọ̀ ní ọjọ́ náà, àti bí wọ́n ṣe bá òkú rẹ̀. Ọkàn ènìyàn kò lè ṣe kí ó má fà sí ẹni tí a bá fi ohùn fún.

Ìbẹ̀rù àti fèrèsé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gbà pé ọkùnrin ni yóò máa ka ìwé tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Ìwádìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2010, Amanda Vicary àti R. Chris Fraley, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa èrò-inú àti ìṣesí ẹ̀dá, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́kọ́ wo àwọn òǹkàwé tí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀ nípa ìwé tí wọ́n kà. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ nípa ìtàn ọ̀daràn tòótọ́. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ nípa ìwé ogun. Ikú kún inú ìwé ogun náà, nítorí náà kò lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni obìnrin ń wá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fún àwọn ènìyàn ní àkótán kúkúrú nípa ìwé méjì-méjì kí wọ́n yan ọ̀kan. Bí àkótán bá sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ pa lo ọgbọ́n kan tí ó fi bọ́, tàbí pé ìwé náà yóò tú àṣírí ohun tí ó wà lọ́kàn apànìyàn, tàbí pé obìnrin ni wọ́n ṣe ní jàǹbá, àwọn obìnrin a fà sí i ju ọkùnrin lọ. Ìtumọ̀ tí àwọn olùwádìí náà fún un ni pé ìbẹ̀rù ni ó ń darí yíyàn wọn, pé òǹkàwé ń wá ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ là.

Àlàyé yìí mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n kò tán. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn nílò ìwé kan, bóyá méjì. Kò nílò ogún. Ó sì ṣeé ṣe kí kíkà náà máa bọ́ ìbẹ̀rù tí ó yẹ kí ó pa.

I'll Be Gone in the Dark, tí Michelle McNamara kọ, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún èyí. Ó jáde ní oṣù kejì 2018, nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé náà. Ó tọpa ọkùnrin kan tí ó ń fọ́lé, tí ó ń fipá bá obìnrin lò pọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn ní California láti àwọn ọdún 1970 títí di 1986. Ní oṣù kẹrin 2018, ọlọ́pàá mú Joseph DeAngelo, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọlọ́pàá rí. DNA àwọn ẹbí rẹ̀ tí ó jìnnà ni wọ́n fi wá a rí. Ní 2020 ó gbà pé òun jẹ̀bi ìpànìyàn 13, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ohun tí àwọn tí ó ka ìwé yìí sábà máa ń sọ ni pé àwọn ń dìde lóru lọ yẹ fèrèsé wò. Ọ̀daràn náà a máa kọ́kọ́ wọ ilé nígbà tí onílé kò sí, a tú ìdè fèrèsé sílẹ̀, a fi okùn pamọ́ de ọjọ́ tí yóò padà wá. Bí ó bá de ọkọ mọ́lẹ̀, a to abọ́ sí i lẹ́yìn, a ní bí òun bá gbọ́ tí abọ́ dún, òun yóò pa wọ́n. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ abọ́ yìí. Síbẹ̀, ó dúró lọ́kàn ju ojú ọgbẹ́ lọ, nítorí pé òǹkàwé náà ní abọ́ nílé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi.

Owó, àti ìwé tí ń kọ́ni níkà

Ìbínú mìíràn wà tí kò kan ohun tí ó wà nínú ìwé rárá bí kò ṣe ẹni tí ó ń gba owó rẹ̀. Ní 1977, lẹ́yìn tí wọ́n mú David Berkowitz tí ó pa ènìyàn mẹ́fà ní New York, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé owó tí ọ̀daràn bá rí lórí ìtàn ìwà ọ̀daràn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sápò ìpamọ́ fún àwọn tí ó ṣe níbi. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà fagi lé òfin náà ní 1991 nítorí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. New York tún òmíràn ṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Ian Brady àti Myra Hindley ní 1966 dá àríyànjiyàn tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ sílẹ̀. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pa. Nílé ẹjọ́, wọ́n lu téèpù tí wọ́n gba ohùn ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá sí kí wọ́n tó pa á. Pamela Hansford Johnson, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, wà níbẹ̀, ó sì kọ On Iniquity ní 1967. Ó ṣàkíyèsí pé Brady ń ka ìwé ìwà ìkà, ó wá bèèrè bóyá ó yẹ kí gbogbo ìwé wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè náà bí àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba máa fòfin de ìwé nínú. Àìlera rẹ̀ ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ka ìwé kan náà láì ṣìkà. Ṣùgbọ́n téèpù náà dá ìbéèrè mìíràn sílẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: kí ni òǹkọ̀wé tí ó ń kọ nípa ẹjọ́ náà yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà? Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jáde, òǹkàwé mọ bí ìkà náà ti tó. Ìyá ọmọ náà náà lè bá a pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù ìwé.

Àwọn obìnrin márùn-ún

Láàárín òpin oṣù kẹjọ àti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1888, ẹnì kan pa obìnrin márùn-ún ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. A kò tíì mọ ẹni náà. Jack the Ripper ni ìnagijẹ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì tẹ àwòrán òkú àwọn obìnrin náà jáde, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣí i wò.

Ní 2019, Hallie Rubenhold gbé The Five jáde. Mary Ann Nichols, Annie Chapman, Elizabeth Stride, Catherine Eddowes àti Mary Jane Kelly ni márùn-ún náà. Kò ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe kú. Ó dé ẹnu ọ̀nà ikú, ó dúró. Ohun tí ó kọ ni ìgbésí ayé wọn: Nichols jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, ó sì bí ọmọ márùn-ún; Sweden ni wọ́n ti bí Stride. Eddowes àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé a máa kiri ìwé pélébé-pélébé tà, títí kan orin nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún. Ìyẹn ni pé òun pàápàá ti jẹ nínú òwò ìtàn ìpànìyàn rí. Rubenhold jiyàn pé kò sí ẹ̀rí pé mẹ́ta nínú wọn jẹ́ aṣẹ́wó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ti gbà bẹ́ẹ̀ láti 1888. Ó ní àìrílégbé ni ó mú kí ọwọ́ apànìyàn tó ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìwé náà gba ẹ̀bùn Baillie Gifford ní 2019. Síbẹ̀, àwọn kan tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ẹni tí Jack jẹ́ kọjú ìjà sí Rubenhold gidigidi, èébú kò sì gbẹ́yìn. Díẹ̀ nínú àtakò wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, èyí sì tọ́, nítorí pé ẹ̀rí ọdún 1888 kò pé. Àmọ́ ìgbóná ọ̀rọ̀ náà ju ti àríyànjiyàn lórí ẹ̀rí lọ. Àwọn tí kò bínú rí sí àwòrán òkú bínú nígbà tí ẹnì kan kọ̀ láti ṣàpèjúwe ikú.

Ní òpin ìwé náà, Rubenhold to ohun tí wọ́n bá lára àwọn obìnrin náà lẹ́sẹẹsẹ. Ti Eddowes ni ó gùn jù: agolo tíì, ti ṣúgà, ọṣẹ, ìyarun, ṣíbí, abẹ́rẹ́, ìbọ̀wọ́ pupa ẹyọ kan. Àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n ka àwọn ẹrù yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ nínú àkọsílẹ̀ náà, kò sì sí òǹkàwé tí yóò sọ pé wọ́n tú obìnrin náà sí ìhòòhò.

Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bá gbé irú ìwé yìí wọ kíláàsì kò ní láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Iṣẹ́ kan wà tí ó rọrùn: kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ojú-ewé kan tí ìpànìyàn ti ṣẹlẹ̀, kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, kí ó sì kọ ẹni tí ó jẹ́ olùwà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó wá wo iye ìgbà tí orúkọ ẹni tí ó kú jáde, àti ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.